Mo Rí Ìlà Lára Jíà Náà, Mo Sì Pa Ẹnu Mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orúkọ mi jáde. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi láti ọdún méjì, ó sì ti sú mi láti máa gbé e kiri. Ọkùnrin kan pàdánù ìka ọwọ́ méjì àti iṣẹ́ rẹ̀ nítorí jíà tí mo gé. Gbogbo èèyàn ló gbà pé òun ló fọwọ́ fà á. Òun fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ọkùnrin náà ń padà sídìí ẹ̀rọ tó gé ìka rẹ̀. Jíà mìíràn tí èmi náà gé ló wà nínú ẹ̀rọ ọ̀hún. Mi ò mọ̀ bóyá jíà náà dára. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti mọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi.

Tọ́nà ni mí, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Kétu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó wọnú díẹ̀ láti títì Ìkòròdú. Ẹ̀rọ léètì kan àti ẹ̀rọ kan tí mo fi ń gé eyín jíà ni mo fi ń jẹun láti ọdún mẹ́tàlélógún. Bí jíà ẹ̀rọ ata bá kán, bí ti ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù bá jẹ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Ọ̀gá Tọ́nà ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo àdúgbò. Tí mo bá sọ̀rọ̀ nípa irin, kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń bí mi nínú nídìí iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi gba ara mi sílẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó ń sọ òótọ́ fún wa ni. Ẹni tó ta irin fún ọ ò mọ irú irin tó jẹ́, ó kàn máa ní, "Ọ̀gá, orígínà ni." Oníbàárà á gbé jíà tó kán wá nínú láílọ́ọ̀nù, á ní kí n gé irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, pé òun ń bọ̀ wá gbà á lọ́la. Tí mo bá béèrè pé ẹrù wo ni ẹ̀rọ yìí ń gbé, wákàtí mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tiẹ̀ bi mí rí pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ fi jíà yìí ṣaya ni?" Tí ó bá wá kán, wọ́n á sáré wá bá mi pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò dáa. Ẹ ṣáà gbà mí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí á tó gé jíà kankan, kí á kọ gbogbo ohun tí a ò mọ̀ sílẹ̀. A ò mọ irin, ẹ kọ ọ́. A ò mọ ẹrù, ẹ kọ ọ́. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a bá kọ, a óò fi kún ìbú jíà náà, kó lè gba ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀. Tí àyè ò bá sí láti fi kún un, a óò pe oníbàárà, a óò sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ìwọ̀nba ẹrù báyìí ni kó máa fi sí i. Wọ́n lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan rí torí pé mo fojú díwọ̀n.

Tí a bá ti fi iná sí jíà kó lè le, a tún máa ń dán an wò. Kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì tí àwọn tíṣà fi ń kọ̀wé ni a fi ń ṣe é. A ó rẹ jíà náà sínú kẹrosíìnì, a ó nù ún gbẹ dáadáa, a ó wá lọ ṣọ́ọ̀kì, a ó fi pa á lára. Tí irin náà bá ti sán níbì kankan, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, kẹrosíìnì tó ti wọnú ibẹ̀ á sun jáde, á fa ìlà sára ṣọ́ọ̀kì funfun yẹn. Jíà tó bá ti ní ìlà, kọ́ńdẹ̀ǹ ni. Ìdí irin àlòkù ni wọ́n ń dà á sí.

Ó wá ku ohun tí mo ṣe.

Mọ́mì kan ní ilé búrẹ́dì ní Ìkòsì. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ní róólà irin méjì. Àárín róólà méjèèjì ni wọ́n ń ti ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò gbà, léraléra, títí á fi dán. Jíà kékeré kan ló ń yí jíà ńlá, jíà ńlá ló ń yí róólà. Jíà kékeré yẹn ló jẹ tán. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà ló gbé e wá fún mi. Màá pè é ní Múfú. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ẹni bí ogójì ọdún, èèyàn jẹ́jẹ́.

Múfú ò dà bí àwọn tó kù. Ó jókòó. Ó dá mi lóhùn gbogbo ìbéèrè mi. Ó ní, "Ọ̀gá, Mọ́mì á sọ fún yín pé ìdámẹ́rin báàgì fùláwà la ń fi sí i lẹ́ẹ̀kan. Tí ọ́dà bá pọ̀, ààbọ̀ báàgì ni o. Ààbọ̀ báàgì ni kí ẹ fi ṣírò." Inú mi dùn sí i. Mo sọ fún un pé tí gbogbo oníbàárà bá dà bíi tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ò ní máa yọ mí lẹ́nu.

Mo ṣírò ó. Pẹ̀lú ààbọ̀ báàgì àti irin tí mi ò mọ̀, jíà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní wọnú àpótí irin tó bò ó mọ́lẹ̀. A máa ní láti gé àpótí náà, kí wẹ́dà sì tún un jó. Ó máa tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo pe Mọ́mì lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Wọ́n pariwo mọ́ mi. "Ọ̀gá Tọ́nà, ọjọ́ mẹ́ta ni kí n má fi ta búrẹ́dì? Mo ní kí ẹ gé jíà, mi ò ní kí ẹ wá kọ́lé fún mi o!"

Orí mi gbóná. Mo ní kí ló tiẹ̀ kàn mí. Mo gé e bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò fẹ̀, kò nípọn. Ó yẹ kí n pè wọ́n padà pé ìdámẹ́rin báàgì ni kí wọ́n fi mọ. Mi ò pè.

Irin tí mo lò jẹ́ ṣáàfù àlòkù, ọ̀pá irin láti ara tírélà. Gbogbo wa la ń lò ó, irin gidi ló sábà máa ń jẹ́. Sábà ni mo wí. Mo fi iná sí jíà náà títí ó fi pọ́n, mo tì í bọ omi. Ọ́ìlì ló yẹ kí n lò, torí pé nígbà tí èèyàn ò bá mọ irú irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi lè mú un sán. Ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ ò tó, mi ò sì ní sùúrù àtilọ wá òmíràn.

Mo wá rẹ ẹ́ sí kẹrosíìnì. Mo nù ún. Mo pa á ní ṣọ́ọ̀kì. Ìlà kan yọ ní ìdí eyín kan, ó tín-ín-rín bí irun orí. Mo gbé e lọ síta kí n lè rí i dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé àpá ọ̀bẹ ẹ̀rọ ni. Ẹ̀yin ará, mo mọ àpá ọ̀bẹ ẹ̀rọ mi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń rí i. Mo fi àkísà nù ún kúrò, mo pa jíà náà ní gíríìsì, mo fi bébà wé e.

Nígbà tí Múfú wá gbà á, ó bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ààbọ̀ báàgì ò ní ṣe é ní nǹkan kan?" Mo ní, "Fọkàn balẹ̀ jàre. Máa fi sí i." Ó dúpẹ́ gan-an. Ó ti mú búrẹ́dì gbígbóná méjì wá fún mi, èmi àti ìyàwó mi jọ jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Jíà náà lo bí oṣù méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eyín jíà náà kán. Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà dún gbà, róólà dúró, ìyẹ̀fun sì há sí àárín. Múfú rò pé ó ti dúró pátápátá. Ó nawọ́ kó fa ìyẹ̀fun náà jáde. Mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ náà ò tíì kú. Àwọn eyín tó kù lára jíà náà tún gbá ara wọn mú, róólà yí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ẹnì kan ló sáré pa iná. Ìka méjì lọ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló dúró síbẹ̀. Wọ́n ti tú jíà náà sílẹ̀ sórí tábìlì, pẹ̀lú eyín tó kán. Mo mú eyín náà, mo wo ojú ibi tó ti kán. Apá kan ń dán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán nìyẹn. Apá kejì ti dúdú, ó ti pẹ́ tó ti sán. Tọ́nà èyíkéyìí tó bá wò ó á mọ̀ pé láti ọjọ́ tí jíà yẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi ló ti sán. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni tọ́nà tó wà níbẹ̀.

Mọ́mì ní, "Ọ̀gá Tọ́nà, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣé jíà yín ni, àbí àwọn ọmọ mi ló ba iṣẹ́ jẹ́?"

Mo ní ẹrù ló pọ̀ jù.

Wọ́n ní Múfú sọ pé ààbọ̀ báàgì ni òun fi sí i. Mo ní, "Mọ́mì, ààbọ̀ báàgì ò lè ṣẹ́ jíà yìí láéláé. Ó ti ní láti ju bẹ́ẹ̀ lọ." Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Nígbà tí ojú wọn kúrò lára mi, mo ti eyín náà bọ àpò ṣòkòtò mi. Mo jù ú sínú gọ́tà kí n tó délé.

Nígbà tí Múfú ti ọsibítù dé, wọ́n tún pè wá. Báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń búra. "Mọ́mì, mo fi Ọlọ́run búra, ààbọ̀ báàgì ni. Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi sọ̀rọ̀!" Ó ń wò mí. Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo ní, "Múfú, irin ò lè parọ́ mọ́ ọ." Mọ́mì sanwó ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ. Mọ́mì fẹ́ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá pé ó ba ẹ̀rọ jẹ́, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní èèyàn rere ni mí. Ẹ ò rí i?

Èyí tó wá burú jù ni pé mo tún gé jíà mìíràn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, láti ara ṣáàfù kan náà. Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè pé kí ló ṣe mí. Tí mo bá lọ ra irin mìíràn, ẹnì kan lè béèrè pé kí ló ṣe ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo tì í bọ ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n mi ò dán an wò. Kẹrosíìnì wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì. Ẹ̀rù ohun tí mo máa rí ló bà mí. Mo sọ fún ara mi pé tí mi ò bá rí i, mi ò jẹ̀bi.

Ọdún kejì rèé, kò tíì kán. Ẹ lè sọ pé ó dára nìyẹn. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí Mọ́mì gbà kí wọ́n fi ju ìdámẹ́rin báàgì sí i mọ́. Jíà yẹn ò tíì gbé ẹrù gidi rí. Ó lè lo ogún ọdún. Ó lè kán lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ààbọ̀ sí i. Ara mi kì í balẹ̀ tí mo bá gba ìwájú ilé búrẹ́dì náà kọjá. Mo máa ń rìn lọ sí òdìkejì títì.

Múfú ń to apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní Mile 12 báyìí. Mo máa ń pàdé rẹ̀. Á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ọ̀gá mi." Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti rò ó dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, ìyẹ̀fun díẹ̀ ṣẹ́kù nínú abọ́, mo dà á mọ́ ọn. Bóyá ìyẹn ló sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má bínú o, mo ti pè yín ní òpùrọ́ nínú ọkàn mi." Ó ń bẹ̀ mí! Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù nínú abọ́ ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún. Mo ní kò burú. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo fi ìbínú bú gbogbo ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà ti ríṣẹ́ síbòmíràn, Mọ́mì sì ti ní kí òun padà wá. Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀. Ọ́dà ọdún ti pọ̀, wọ́n sì fẹ́ padà sí ààbọ̀ báàgì. Ó ní, "Ọ̀gá, mo sọ fún wọn pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi yín léèrè. Tí ẹ bá ní ó máa gbé e, ọkàn mi balẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Mọ́mì sọ̀rọ̀.

Mo pè wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú jíà náà, kí n gé tuntun fún wọn. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún. Mo ní kí wọ́n má ṣe fi ààbọ̀ sí i nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Tọ́nà, ọjọ́ ogbó ti ń dé sí yín o. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ààbọ̀ báàgì ò lè ṣẹ́ ẹ láéláé?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Irọ́ tí mo pa láti gba ara mi sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gbé ẹrù lé orí jíà náà. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè dá ẹ̀rọ yẹn dúró àfi òótọ́.

Tí mo bá sì sọ òótọ́, ṣọ́ọ̀bù mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí kò tiẹ̀ ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n á ti ẹ̀rọ náà pa, iṣẹ́ tí Múfú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí á tún dúró, èmi náà ló tún fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi, ó ń dúpẹ́ pé mi ò jẹ́ kí wọ́n ti ọkọ òun mọ́lé nígbà yẹn. Mo mu omi tí ó gbé fún mi, mo dìde, mo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà. Mo ti gbà á, jíà náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ṣé Mọ́mì ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí Múfú? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé kò ṣẹ̀ mí rí?

Ọjọ́ Jímọ́ lòní. Mo fẹ́ lọ lọ́la. Mo mọ ara mi, mo sì ń bẹ̀rù pé omi nìkan ni màá tún mu níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń to apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní Mile 12, tí ìka méjì ò sí lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a dúró. Ẹ ní kó má dé ìdí ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ sọ fún un pé ìyẹ̀fun tó dà mọ́ ọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ sọ fún un pé Ọ̀gá Tọ́nà ló rán yín, pé ojú ń tì í ni.